Àpáta Tí A Kò Fọ́

Ọjọ́ kejì tí a dé orí òkè lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá
dígà mi kan àpáta, ó ta padà sí mi lọ́wọ́.
Agbaṣẹ́ṣe ní ká fi ẹ̀tù fọ́ ọ dànù,
ilé gbọ́dọ̀ dúró kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.
Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówèmímọ́ bọ́ sínú kòtò
tòun ti bàtà, tòun ti yẹ̀rì funfun,
ó ń fọwọ́ gbá àpáta náà pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ.
"Birikila, ẹ má fọ́ ọ. Ohun tí mò ń wá nìyí.
Irinṣẹ́ wa kò fẹ́ ilẹ̀ tó ń gbọ̀n,
bí tírélà bá kọjá lójú títì lásán, á ti ṣìwọ̀n.
Ẹ kọ́ yàrá yí i ká, kó yọrí láàárín."

Mo ti kọ́ mọ́sáláṣí ní Láfẹ́ńwá, mo ti kọ́ ilé epo ní Aṣérò,
n kò kọ́ irú èyí rí.
Birikila wo ló ń bọlá fún òkúta tó dínà mọ́ ọn?
Mo tún rò ó: àwọn tó tẹ ìlú yìí dó
kò fọ́ àpáta tí wọ́n bá. Wọ́n sá sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ìgbìmọ̀ wá pẹ̀lú fáìlì àti agbòjò.
Ọ̀kan fi bírò tọ́ka: "Mélòó tiẹ̀ ni wọ́n?
Ọmọ Ègùn mẹ́ta, adití kan, ọmọ darandaran méjì,
obìnrin tí kò pé mẹ́wàá nínú ọgọ́ta.
Ṣé torí ìwọ̀nyí la ṣe ń ra sìmẹ́ǹtì olówó gọbọi?"
Mo ń po kọnkéré lọ, etí mi ń gbọ́.
Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jà. Ó ní, "Ẹ wo ihò ara ògiri yẹn.
Ìtànṣán tó gbà á wọlé kò tó ìka kan,
ẹ wo gbogbo eruku tó fi hàn wá."
Wọ́n wò ó. Ṣé wọ́n wá buwọ́ lùwé? Rárá o.
Oṣù mẹ́rin ni ìwé fi sùn nínú dúrọ́ọ̀.
Koríko hù lórí iyanrìn wa,
ewúrẹ́ bímọ síbi tí a fẹ́ gbé kọ̀mpútà sí.

Sẹ̀nàmi ti Ìpókíá wá. Bó bá lanu, kíláàsì á rẹ́rìn-ín,
títí ó fi di ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì nìkan dáhùn.
Òun ló kọ́kọ́ kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ Fádèyí:
níbẹ̀, kò sí ahọ́n tí wọn ó fi ṣe yẹ̀yẹ́.
Fádèyí adití á gbé àyà lé tábìlì,
ọwọ́ rẹ̀ á sọ̀rọ̀, Sẹ̀nàmi á túmọ̀:
ìgbì ń bọ̀. Ó ti dé. Ó ń lọ.
Kí ẹ̀rọ tó fà á sójú ìwé ló ti mọ̀.

Ìyá Mosúnmọ́lá ń fọ́ òkúta tà lẹ́bàá títì,
garawa kan lẹ́yìn òmíràn.
Ọmọ gbé èérún òkúta ìyá rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ,
ẹ̀rọ ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo inú agbada.
Ó ní, "Kí èèyàn tó wà ni òkúta yìí ti ń sọ̀rọ̀,
kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tí ìyá mi ń fà símú."
Ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó ṣì ń kọ ọ́.

Ọjọ́ ìṣílé, orúkọ àwọn olówó wà lára mábù.
Tèmi kò sí níbẹ̀, n kò sì wá a.
Àwọn ọmọ fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá àárín
níbi tí àpáta ti yọrí bí ẹ̀yìn erinmi.
"Bàbá Birikila, ẹ dúró jẹ́ẹ́."
Ìlà kan nà gbọọrọ lójú kọ̀mpútà.
"Ẹ gbé ẹsẹ̀." Ìlà fò.
Mo tún gbé e. Ó tún fò.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tẹ ilẹ̀ Abẹ́òkúta,
n kò mọ̀ pé ó ń kà mí.

Mosúnmọ́lá bi mí pé kí ló ṣe ojú mi.
Mo ní sìmẹ́ǹtì ni.

Igun ọ̀tún òrùlé ṣì ń jò díẹ̀. Mo ti sọ fún wọn,
Ọjọ́bọ̀ ni n ó wá wò ó.